Bọ́rọ̀ Camberwell: Kí La Ó Máa Pè É?

Mo ka ìtumọ̀ kan lórí ìtàn Lọ́ńdọ̀nù tó ní "yàrá aṣọ Camberwell" ló ń tún ọ̀nà ṣe láyé Ọbabìnrin Victoria. Vestry ni wọ́n túmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ta ló rí yàrá aṣọ tó ń tún ọ̀nà ṣe rí? Lóòótọ́, yàrá tí àlùfáà ti ń wọ ẹ̀wù ni àwọn ará ìjọ ti ń pàdé, títí orúkọ yàrá fi di orúkọ ìpàdé. Nígbà tó di 1855, òfin sọ ìpàdé náà di ìjọba àdúgbò tí àwọn tó ń san owó orí ilé ń dìbò yàn. "Ìgbìmọ̀ ìjọ" ni kí á pè é, ó tán.

Káńsù àti kánsẹ́lọ̀ kò lẹ́jọ́. Méyọ̀ náà kò ní: Èkó ní méyọ̀ tirẹ̀, Dókítà Ibiyinka Ọlọ́runnímbẹ̀, láti 1950 sí 1953. Ẹni tó fẹ́ pe méyọ̀ ní "baálẹ̀" gbàgbé pé títí ikú ni baálẹ̀ ń jẹ oyè. Ọdún kan kan ni Camberwell ń yan méyọ̀ rẹ̀ fún.

Bọ́rọ̀, ìyẹn borough, ló dá ìjà sílẹ̀. Òfin 1899 ló fòpin sí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ. Ní 1900, bọ́rọ̀ olú-ìlú 28 rọ́pò wọn. Camberwell, tí Peckham, Nunhead àti Dulwich wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan. Àwọn kan fẹ́ "ìlú olódi", nítorí ibi tí wọ́n mọ odi yí ká ni burh nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ó dáa, odi wo ló wà ní Peckham? Ìbàdàn ayé ogun ni ìlú olódi máa mú wá sọ́kàn òǹkàwé. "Ìlú aládé" tún wá burú jù. Ọba wo ló dé adé ní Camberwell? Òfin ló dá bọ́rọ̀ náà sílẹ̀, òfin náà ló sì pa á rẹ́ ní 1965, tó pa á pọ̀ mọ́ Bermondsey àti Southwark. "Àgbègbè" ní tirẹ̀ fẹ̀ jù. Kò sí ibi tí kì í ṣe àgbègbè.

Bọ́rọ̀ ni tèmi. Wọ́n ní a ó ṣì í kà sí bọ̀rọ̀ inú "kì í tán bọ̀rọ̀". Àmì ohùn la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí kò fàmì sí i ló jẹ̀bi. Kí bọ́rọ̀ jẹ́ ilẹ̀, kí káńsù jẹ́ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso rẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.