kọ́ (nínú “kọ́ búlọ́ọ̀gì”)

Ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀, olóhùn òkè. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara rẹ̀: kíkọ́.

Ìtumọ̀

1. Láti mú ilé, afárá tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dìde. Wọ́n kọ́ ilé-ìwé tuntun sí Ìlaròó.
2. Láti gba ìmọ̀, tàbí láti fún ẹlòmíràn ní ìmọ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Ayétòrò.
3. (Ìlò òde òní, láti ara 1) Láti ṣe ìkànnì ayélujára títí yóò fi ṣeé wò. Ó fi Hugo kọ́ búlọ́ọ̀gì kan nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Ìlobì.

Kọ́ àti ṣí

Ẹni tí ó gba àyè lórí ìkànnì tí àwọn mìíràn ti ṣe sílẹ̀ ni a máa ń sọ pé ó ṣí búlọ́ọ̀gì, bí a ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kọ́ ni ó bá iṣẹ́ àwọn ètò bíi Jekyll (2008) àti Hugo (2013) mu. Àwọn ètò wọ̀nyí máa ń gba ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sínú fáìlì Markdown, wọn a fi í sínú àwòṣe kan, wọn a sì sọ ọ́ di ojú-ìwé HTML kí òǹkàwé kankan tó débẹ̀. Àṣẹ hugo new site ilobi ní ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Àṣẹ hugo ní ń parí ilé, tí ó sì ń kó ojú-ìwé tí ó ti pé sínú public. Ohun tí ó wà nínú public nìkan ni a óò gbé lọ sórí ayélujára.

Kí a ṣọ́ra: Ó ń kọ́ Hugo túmọ̀ sí pé ẹni náà ń gba ìmọ̀ nípa Hugo. Bí a bá fẹ́ sọ pé Hugo ni irinṣẹ́ rẹ̀, fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Kọ́, kọ, kọ̀

Arọ́pò-orúkọ ni ó ń fi ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn dáadáa:

Ó kọ́ ọ (ó mú un dìde, tàbí ó fún un ní ìmọ̀).
Ó kọ ọ́ (ó fi lẹ́tà gbé e kalẹ̀).
Ó kọ̀ ọ́ (kò gbà á).

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ kọ̀ a di ohùn àárín, kọ àti kọ̀ a sì dọ́gba létí. Nítorí náà, Ó kọ àṣà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ìlobì sílẹ̀ lè jẹ́ pé ẹni náà ṣe àkọsílẹ̀ àṣà náà, ó sì lè jẹ́ pé ó pa á tì. Àwọn ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé kan so ìpilẹ̀ṣẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ Ìlobì, àwọn mìíràn sì so ó mọ́ Kétu. Ògbufọ̀ tí ó bá ṣi gbólóhùn yìí gbọ́ yóò sọ ẹni tí ó tọ́jú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ó sọ ọ́ nù. Níbi tí ọ̀rọ̀ àyíká kò bá ti là á, ṣe àkọsílẹ̀ tàbí pa tì ni ó yẹ kí a lò.

Àmì ohùn nínú àdírẹ́sì

Ewu kan náà ń bẹ nínú orúkọ fáìlì. Bí a bá tan removePathAccents nínú ètò Hugo, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ yóò bọ́ kúrò nínú àdírẹ́sì. Kọ́.md, kọ.md àti kọ̀.md yóò wá di ko, ojú-ìwé kan ṣoṣo ni yóò sì kù níbi tí mẹ́ta ti yẹ kí ó wà. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a fún ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní slug tirẹ̀, bíi ko-ile, ko-leta àti ko-ebun, kí àmì sì pé lórí title tí òǹkàwé yóò rí.

Kí a rántí pẹ̀lú pé ọ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode: ọ (U+1ECD) àti àmì ohùn òkè (U+0301) ni a so pọ̀. Ó yẹ kí a dán irú lẹ́tà tí a yàn wò pẹ̀lú kọ́ àti kọ̀ kí búlọ́ọ̀gì tó jáde.

Tún wo: kọ, kọ̀, kọ sílẹ̀, ṣí, ìkànnì.