Ọmọ Òrukàn Ilẹ̀ Bùlgáríà

Ọmọ ọdún méje ni mo wà tí ìyá mi kú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé ti ń pè mí ní ọmọ òrukàn. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe é o, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo ka ìtàn ilẹ̀ Bùlgáríà, ọmọ òrukàn ni mo fi ṣe àpèjúwe orílẹ̀-èdè wọn.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ní 1393, àwọn ọmọ ogun Ottoman, láti ilẹ̀ Tọ́kì, ṣẹ́gun Tarnovo, olú-ìlú ọba wọn. Ní 1396, Vidin náà ṣubú. Fún nǹkan bí 500 ọdún, wọn kò ní ọba tiwọn. Ìjọ wọn pàápàá bọ́ sábẹ́ àwọn olórí ìjọ Gíríìkì. 1870 ni Sultan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé kí wọ́n ní tiwọn. Ẹni tí kò ní ọba, tí kò ní olórí ìjọ, kí ni ẹ fẹ́ pè é?

Kì í sì í ṣe àpèjúwe lásán. Nígbà tí wọ́n dìde ní 1876, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n pa ní Batak. Àwọn tó sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì kò là. MacGahan, oníwèé ìròyìn ọmọ Amẹ́ríkà, fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìpakúpa náà, ó sì kọ ọ́ sínú Daily News ti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, òrukàn gidi ni wọ́n.

Ẹ gbọ́ àlọ́ wọn kan. Ìyàwó bàbá lé ọmọbìnrin kan jáde nílé. Ó dé ahéré ìyá àgbà kan nínú igbó, ó fi sùúrù bọ́ àwọn ejò àti alángbá rẹ̀, ìyá àgbà sì rì í sínú odò tó sọ ọ́ di oníwúrà. Ìyàwó bàbá sáré rán ọmọ tirẹ̀ lọ. Ìyẹn fún àwọn ejò ní oúnjẹ gbígbóná, ó jó wọn lẹ́nu. Kò rí wúrà kankan. Ṣebí àwa náà ní irú àlọ́ bẹ́ẹ̀?

Ti Hristo Botev ló wọ̀ mí lára jù. Wọ́n so Vasil Levski kọ́ ní Sófíà ní 1873. Bàbá Levski ti kú láti ìgbà èwe rẹ̀. Nínú ewì tí Botev kọ nípa ikú rẹ̀, ó pe ilẹ̀ Bùlgáríà ní ìyá, ìyá tó ń sunkún. Àṣé òrukàn náà ní ìyá! Ní 1878, lẹ́yìn ogun Rọ́ṣíà àti Tọ́kì, wọ́n tún ní ìjọba tiwọn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà kò pè mí ní òrukàn rí. “Ọmọ mi” ló ń pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ikú òbí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ.