Àdéhùn Pínpín Owó Nídìí Káàdì: Ṣé Ó Sọ Owó Náà Di Halali?

Ẹni tó ń gbé Ẹ̀dá-Oníyọ̀, Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ tàbí Ìdó kò nílò kàsínò kó tó lè ta tẹ́tẹ́ káàdì. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ti tó. Bí kì í bá ṣe pókà orí fóònù, ó lè jẹ́ Whot tí àwọn ọ̀rẹ́ dá owó sí láàrin. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí: bí ìdíje bá ku ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n wá ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú pín in," ṣé kí Mùsùlùmí gbà? Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá ti pín in nítùnbí-ìnùbí, kò sí tẹ́tẹ́ nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pín in. Ká ní ẹ̀bùn ipò kìíní jẹ́ ₦100,000, ti ipò kejì sì jẹ́ ₦60,000. Ó ku ènìyàn méjì. Nínú chips tó wà lórí tábìlì, ìyẹn àwọn ẹyọ tí wọ́n fi ń ṣojú owó, ọ̀kan ní ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì ní ogójì. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé kí wọ́n fi ìwọ̀n chips pín gbogbo ₦160,000, kí ọ̀kan mú ₦96,000, kí èkejì mú ₦64,000. Àṣìṣe ni. Ẹni tó bá ṣe ipò kejì pàápàá ti ní ₦60,000, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. ₦40,000 tó jẹ́ ìyàtọ̀ nìkan ni wọ́n ṣì ń du. Nínú ìyẹn, ọ̀kan yóò mú ₦24,000, èkejì ₦16,000, tí àpapọ̀ yóò fi di ₦84,000 àti ₦76,000. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yìí yóò fi ₦12,000 sílẹ̀ láìmọ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀, àdéhùn kò sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Luca Pacioli, ọmọ Ítálì, kọ nípa pípín owó eré tí kò parí sínú ìwé rẹ̀ ní 1494, ṣùgbọ́n kò rí ojútùú rẹ̀. Ní 1654 ni Pascal àti Fermat, àwọn ọmọ Faransé, fi lẹ́tà bá ara wọn yanjú rẹ̀: kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ti jẹ sẹ́yìn ni kí á wò, bí kò ṣe ohun tó ṣì lè ṣẹlẹ̀ níwájú. Ìmọ̀ gidi ni, a kò sì bá ìmọ̀ jà.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kò sọ owó ẹni tó jẹ́ fún wa. Ní 2006, Jamie Gold gba mílíọ̀nù 12 dọ́là níbi ìdíje pókà World Series of Poker ní Las Vegas. Ènìyàn 8,773 ló wọ ìdíje náà, owó ìwọlé sì jẹ́ $10,000. Crispin Leyser ní Gold ti ṣèlérí ìdajì fún òun. Ilé ẹjọ́ di mílíọ̀nù mẹ́fà mú títí wọ́n fi yanjú rẹ̀ láàrin ara wọn ní 2007. Àwọn méjì yìí ń fa owó tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ti pàdánù ló ti wá. Kódà, aayah 91 nínú Suuratul Maidah ti kìlọ̀ pé èṣù ń fi ọtí àti tẹ́tẹ́ dá ọ̀tá sílẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn.

Aayah 90 tó ṣáájú rẹ̀ ló ka tẹ́tẹ́ mọ́ iṣẹ́ èṣù. Ní ti àdéhùn, hadiisi tí Tirmidhi gbà wá láti ọ̀dọ̀ Amr ọmọ Awf sọ pé ìlàjà tọ́ láàrin àwọn Mùsùlùmí, àyàfi èyí tó bá sọ halali di haramu tàbí tó sọ haramu di halali. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹnì kan lè ní àwọn tó pàdánù náà ló fínnúfíndọ̀ san owó wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó yá owó èlé náà fínnúfíndọ̀ fọwọ́ sí i, èyí kò sì sọ èlé di halali.

Irú pínpín kan wà tí kò ní wàhálà. Ìdíje kíké Àlùkùránì tí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 ń fún àwọn tó bá yege ní ẹ̀bùn. Ní irú ìdíje bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀bùn bá ti ọwọ́ ẹni tó ṣe ìtọrẹ wá, tí àwọn olùdíje kò fi owó tiwọn lélẹ̀, tí àwọn méjì sì jọ gba ipò kan náà, wọ́n lè pín in. Kò sí ẹni tí wọ́n jẹ owó rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi pínpín lọ ẹni tó wà nídìí Whot láàrin ọ̀rẹ́, ohun tí a lè gbà á nímọ̀ràn ni pé kí olúkúlùkù mú iye tí ó dá padà, títí kan àwọn tó ti jáde, kí wọ́n sì dìde. Wọn kò nílò Pascal fún ìyẹn. Cash out orí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kò yàtọ̀ sí pínpín ti pókà: ilé-iṣẹ́ ń ra ẹ̀rù lọ́wọ́ rẹ ni, owó náà ṣì jẹ́ owó tẹ́tẹ́.

Èyí tó le jù ni ti ẹni tó ti gba ìpín tirẹ̀ lórí fóònù, tí kò mọ àwọn olówó, tó sì ti ronú pìwà dà. Àwọn onímímọ̀ ní kí ó kó o fún àwọn tálákà tàbí kí ó fi ṣe ohun tí yóò ṣe gbogbo ènìyàn láǹfààní, láìkà á sí sàráà tirẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá jẹ́ aláìní ńkọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé-ìwé wà lọ́rùn rẹ̀? Nawawi mú ọ̀rọ̀ Ghazali wá pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè mú nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n bùkátà rẹ̀, nítorí tálákà ni òun náà. Kí ó mú ọ̀rọ̀ náà tọ àfáà tó ní ìmọ̀ lọ, kí ó sì sọ iye rẹ̀ gan-an láìfi nǹkan kan pamọ́.