Òkè Ìbàdàn àti Àgbàrá Ògùnpa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Ní ìgbà èwe mi, bí a bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀, tí a sọdá Odò Ọbà, tí a gba Ọ̀yọ́ kọjá, àwọn òkè Ìbàdàn ni ojú mi máa ń wá: Mọ́kọ́lá, Àrẹ̀mọ, Màpó, pẹ̀lú òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Ẹwà nìkan ni mo rí. N kò bi ara mi léèrè ibi tí òjò orí òkè ń gbà.

Àfonífojì Ògùnpa ni. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò náà kún bo bèbè, ó gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú, ó wó afárá. Àwọn tó kú ju 100 lọ.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ méjì: odò ní orísun, àgbàrá kò ní, òjò ló bí i. Páànù àti títì ọlọ́dà kì í fa omi mu, nítorí náà, bí ilé ṣe ń pọ̀ lórí òkè ni àgbàrá ń lágbára sí i. A tún wá ń da ilẹ̀ sínú odò, a ń kọ́lé sí bèbè rẹ̀.

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ náà ń fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá kọ́lé dí ọ̀nà omi ti gbà fún àgbàrá kí ó tó dé.