Ehín Erin Lọ́wọ́ Awo

Ìrọ́kẹ́ tí àwọn baba wa fi ń lu ọpọ́n Ifá, ehín erin ni wọ́n fi gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀wọ̀ sì ti lókìkí nídìí iṣẹ́ náà láti ayé àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó ni ehín. Àgbà abo ní í ṣáájú agbo erin ọ̀dàn. Òun ló mọ ibi tí omi wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù 22 ló fi ń lóyún, ọmọ kan ló sì sábà ń bí. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ehín rẹ̀ wọ inú agbárí: ọdẹ kò lè yọ ọ́ lódindi kí erin má kú.

Ní 1989, àdéhùn CITES fòfin de òwò ehín erin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ní Yánkárì, ní Bauchi, agbo erin ọ̀dàn ṣì wà.

Àwọn kan ní ìrọ́kẹ́ igi kò yẹ àgbà Awo. N kò gbà. Igi àti idẹ ti wà nídìí ọpọ́n tipẹ́. Ti igi ni olúwo mi fi kọ́ mi, òun náà ló wà lọ́wọ́ mi dòní.