Irúgbìn Tòmátì Yorùbá ní Addo
Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni tòmátì ti wá, àmọ́ àwọn ìyá wa tọ́jú irúgbìn rẹ̀ títí ọjà fi ń pè é ní tòmátì Yorùbá: olómi, tó kan díẹ̀. Ti Hausa le jù ú lọ, ìyẹn ló fi ń fara da ọkọ̀.

Igbó àti àbàtà ló yí Addo ká tẹ́lẹ̀. Ilé ti gba púpọ̀ nínú ẹ̀. Lára èyí tó ṣẹ́kù lágbègbè wa ni igbó tí wọ́n ń dáàbò bò ní Lekki láti 1990, ọ̀bọ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́, eku àti ẹyẹ ńkọ́? Oko wa ni wọ́n ń bọ̀ sí, èyí tó pọ́n ni wọ́n sì ń wá.

Èyí tí a fẹ́ tà, ẹ jẹ́ ká ká a bó bá ti ń pọ́n bọ̀. Á pọ́n tán nílé. Ti irúgbìn ni wàhálà, torí ó dáa kó pọ́n dénú lórí igi. Ìyẹn ni ká fi àwọ̀n bò, ká sì di etí àwọ̀n náà mọ́lẹ̀ dáadáa.