Dóńgóyárò Inú Àgbàlá Kì í Lé Ẹ̀fọn

Ní Parakou, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé bá ń wá igi tí yóò tètè ga, dóńgóyárò ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún un. Ìmọ̀ràn rere ni. Láti oṣù kọkànlá wọ oṣù kẹrin, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ sì ń gbẹ ilẹ̀, igi náà ń fara dà á. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó lè ga tó mítà 4 sí 7. Àfikún tí wọ́n ń fi sí i ni kò tọ́: pé bí ó bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀fọn kò ní wọlé mọ́. Irọ́ ni, ó sì léwu, torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè pa nẹ́ẹ̀tì tì.

Àṣìṣe yìí ní ibi tó ti ṣẹ̀. Ní 1959, ní Sudan, Heinrich Schmutterer, onímọ̀ kòkòrò ọmọ Jámánì, rí i pé àwọn eṣú jẹ ewéko tó yí wọn ká, ṣùgbọ́n wọn kò fẹnu kan dóńgóyárò. Ní 1968, Butterworth àti Morgan yọ èròjà azadirachtin jáde láti inú kóró rẹ̀. Èròjà yìí ń pa oúnjẹ mọ́ kòkòrò lẹ́nu, ó sì ń da ìdàgbà ìdin rú. Ṣùgbọ́n kòkòrò gbọ́dọ̀ kàn án kó tó ṣiṣẹ́. Kì í fẹ́ jáde sínú afẹ́fẹ́ bí òórùn. Eṣú ń jẹ ewé, ẹ̀fọn kì í jẹ ewé. Omi dídùn inú òdòdó ni oúnjẹ rẹ̀. (Abo nìkan ló ń fi ẹ̀jẹ̀ kún un.) Òótọ́ ni pé òróró kóró náà, bí a bá fi para, àti èéfín ewé rẹ̀, lè lé ẹ̀fọn fúngbà díẹ̀. Igi tó dúró jẹ́ẹ́ kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Láti Íńdíà àti Bọ́mà ni dóńgóyárò ti wá. Ó ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà àwọn ará Íńdíà, ibà kò sì torí rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Òdòdó gan-an ló yẹ ká fura sí. Ní agbègbè Bandiagara ní Mali, àwọn onímọ̀ gé ẹ̀ka tó ń tanná lára Prosopis juliflora, igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń yára dàgbà, tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Ní àwọn abúlé tí wọ́n ti gé e, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà dín kù ju ìdajì lọ. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbin òdòdó. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di igbó sábẹ́ fèrèsé ni.

Ẹ gbin dóńgóyárò fún ìbòòji, kó sì jìnnà díẹ̀ sí ògiri. Ní ti ẹ̀fọn, omi ni kí ẹ wá lọ: ojú ipa táyà tí òjò kún, ìdí ewé kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwo tó wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó. Ẹyin irú ẹ̀fọn kan tí wọ́n ń pè ní Aedes máa ń lẹ̀ mọ́ etí irú àwo bẹ́ẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìsí omi, kó tún pa nígbà tí omi bá dé. Nítorí náà, dída omi nù kò tó. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi kànìnkànìn ha etí àwo náà yíká.